Ìlànà fún Dìndìnrìn Tó Fẹ́ Kọ́ Ẹ̀rọ ní Yorùbá ní Itele

Dìndìnrìn ọ̀wọ́n, wọ́n ní o fẹ́ ṣe ẹ̀rọ agbọ́rọ̀: kí èèyàn máa sọ Yorùbá sínú fóònù, kí fóònù máa kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, kí ìyá tí kò mọ̀wé lè fi ẹnu ṣe àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lè fi ẹnu jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Èrò rere ni. Owó ti wọlé láti òkè òkun, o ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, o sì ti gba yàrá méjì ní Itele, lẹ́bàá Ọ̀tà, nítorí pé ilé Àyọ̀bọ́ ti gbówó lórí. Ìwé yìí máa mú ọ dé ibi tí ò ń lọ. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹnì kan ò tíì ṣe rí, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Kọ́kọ́ pe èdè náà ní tálákà

Gbólóhùn kan wà tí o gbọ́dọ̀ há sórí kí o tó tan kọ̀ǹpútà: "Yorùbá kò ní ohun èlò." Sọ ọ́ ní ìpàdé. Kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìtọrọ owó rẹ. Mí kanlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá sọ ọ́ tán.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán ọ létí pé Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tàbí pé Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, Abẹ́òkúta kan náà tí àwọn kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì ń ké orúkọ rẹ̀ jáde ní Ṣàǹgó láràárọ̀, tàbí pé odidi Bíbélì ti wà ní Yorùbá láti 1884. Bí o bá wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní Lafenwa, tí awakọ̀ yí rédíò sí Bond FM 92.9 tàbí Radio Lagos 107.5, tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń fi Yorùbá tú ọ̀rọ̀ ìlú palẹ̀, yára fi nǹkan dí etí. Ọ̀rọ̀ ò wọ́n níbí. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó máa jókòó ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó máa kọ ohun tí ohùn náà sọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì, tó máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ohùn, tí wọ́n á sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ ò lè kẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ pé ohùn àti àkọsílẹ̀ ohùn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní wákàtí lórí wákàtí. Iṣẹ́ nìyẹn, owó sì ni. Pípe èdè ní tálákà kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Má wo ẹ̀yìn

Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé wọ́n ti gba ohùn èèyàn 33 sílẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pín ṣe pẹ̀lú North-West University ti South Africa, sọ pé o ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Òótọ́ ni, o ò wá a. Google gbé nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ohùn Yorùbá síta ní 2020, láti ẹnu èèyàn 36. Ní 2023, Tolúlọpẹ́ Ògúnrẹ̀mí, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ÌròyìnSpeech jáde: wákàtí 42 láti ẹnu èèyàn 80, wọ́n tún fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún gbólóhùn sórí Common Voice ti Mozilla kí ẹni tó bá wù lè kà á. NaijaVoices tó tẹ̀ lé e ní 2025 kó wákàtí 1,800 jọ ní Yorùbá, Ìgbò àti Hausa, láti ẹnu èèyàn tó lé ní 5,000.

Bí o bá ka iṣẹ́ wọn, wàá rí ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti yọ̀, torí pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyẹn á ba tìrẹ jẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Yan ohùn tó sún mọ́ ọ

Ní 1952, àwọn ará Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Audrey. Nọ́ńbà òdo sí mẹ́sàn-án ló mọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn ẹni tó bá sì ti mọ̀ dáadáa ló ń gbọ́ jù. Iṣẹ́ ńlá ni nígbà náà. Ìwọ náà lè ṣe Audrey tìrẹ lónìí láìjáde ní yàrá: lo ohùn ara rẹ, ti àbúrò rẹ, àti ti ọ̀rẹ́ rẹ méjì tí ẹ jọ ka yunifásítì, tí gbogbo yín wà láàárín ogún sí ọgbọ̀n ọdún, tí ẹ sì ń sọ Yorùbá tí ẹ fi ń dá àwọn òbí lóhùn lórí fóònù. Má wá àgbàlagbà. Eyín tó ti ká máa ń ba ohùn jẹ́. Má wá ọmọdé. Má wá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà, torí pé ohùn wọn ti ha lẹ́yìn wákàtí méjìlá tí wọ́n fi ń pariwo bo ariwo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

Bí àwọn olówó bá ní kí o wá ohùn ìyá ọlọ́jà kan ṣáá, kí àwòrán ìròyìn ọdún lè dára, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ bá ìyá tó ń ta gàrí lẹ́bàá ọ̀nà. Fún un ní ìwé tí o ti tẹ̀ jáde, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú gàrí. Àpẹẹrẹ wà tí o lè fi ṣàwáwí. Àkójọ ohùn tí Google ṣe ní 2022, tí wọ́n pè ní FLEURS, ní èdè 102 nínú, Yorùbá wà níbẹ̀; Gẹ̀ẹ́sì ni gbólóhùn inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti àwọn ojú ewé tó jẹ́ ẹbí Wikipedia, kí wọ́n tó túmọ̀ wọn fún èèyàn láti kà. Àwọn tó ṣe é ní ìdí tiwọn: wọ́n fẹ́ fi èdè kan wé òmíràn lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwọ ò nílò ìdí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka eléyìí."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọmọ mi? Mi ò mú awò dání."

"Ẹ ṣáà kà á bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ padà."

"Ìgbìmọ̀... aṣòfin... orílẹ̀-èdè náà... Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ìwé ni, mà."

"Ìwé náà kú iṣẹ́ o."

Ohùn rẹ̀ máa le gbagidi, á máa sinmi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, inú rẹ á sì máa dùn. Àfi bí oníbàárà bá dé. Kí o tó ṣẹ́jú, ìyá yìí á ti yí padà: "Oníbàárà mi, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá o! Ìjẹ̀bú gidi ló wà nílẹ̀ yìí, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹgbẹ̀rún kan ni kóńgò, nítorí tiyín, ẹ mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún wá. Tírànsífà? Kò burú, ṣùgbọ́n àláàtì gbọ́dọ̀ wọlé kẹ́ ẹ tó gbé e o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àná yẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ pa mí. Wòlíì, bá mi mú náílọ́ọ̀nù yẹn!"

Ọ̀rọ̀ ń gun orí ara wọn, ohùn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń gba àárín Yorùbá kọjá láìkan ilẹ̀kùn, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó tún ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ rẹ máa bá pàdé nílé ayé wà nínú ìṣẹ́jú yẹn. Àkókò nìyẹn láti tẹ bọ́tìnnì tó ń dá ìgbohùnsílẹ̀ dúró. Ní sùúrù. Bí oníbàárà bá ti lọ, tún un tàn, kí ìyá padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Tí èyí bá nira, Bíbélì wà. Nígbà tí Meta kéde ní oṣù Karùn-ún 2023 pé àwọn ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èdè tó lé ní 1,100, ohùn àwọn tó ń ka Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n fi kọ́ ọ jù. Mi ò bú wọn. Fún ọ̀pọ̀ èdè, òun nìkan ni ìwé tí ẹnì kan ti kà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó mọ bí Pọ́ọ̀lù ṣe kí àwọn ará Róòmù kò tíì gbọ́ bí kọ̀ńdọ́ ṣe ń lé èrò wọkọ̀ ní Tóògéètì.

Sá fún ariwo

Fi mátírẹ́ẹ̀sì dí fèrèsé. Dúró kí ẹ̀rọ ata ìsàlẹ̀ ilé ó kú, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ó kú, kí ṣọ́ọ̀ṣì ó pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí òjò ó dá lórí páànù. Ní Itele, èyí máa fún ọ ní nǹkan bíi ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ohùn tí o bá gbà sílẹ̀ nígbà náà á mọ́ lóló, kò sì ní jọ ohùn ẹnikẹ́ni tó máa lo ẹ̀rọ náà láéláé.

Tí o bá fẹ́ kó dẹrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, má gba ohùn kankan, lo ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Whisper tí OpenAI gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2022 ka Yorùbá mọ́ èdè rẹ̀. Wákàtí 680,000 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nínú rẹ̀, 117,000 péré ni wọ́n pín fún èdè 96 tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá sì jókòó sẹ́yìn nínú wọn. Ohun kan tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ti rí lára rẹ̀ ni pé nígbà tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, ó lè kọ odidi gbólóhùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbé e kalẹ̀ níwájú jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí ó bá kọ nǹkan, gbà á gẹ́gẹ́ bí èsì.

Fọ àmì orí ọ̀rọ̀ dànù

Àwọn àgbà ṣe ìpàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Wọ́n fi àkókò ṣòfò. Ìwọ ní kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, o sì ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́.

Ní ilé ìkẹ́rù kan lójú ọ̀nà Ìdìrókò, bí ọ̀gá bá sọ nínú fóònù pé "Má gbà á," ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní gba ẹrù wọlé. Bí ó bá sọ pé "Má gbá a," ẹni tó mú ìgbálẹ̀ dání á gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Lọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ, "ma gba a" ni méjèèjì, kí àwọn tó wà níbẹ̀ fúnra wọn mọ èyí tí wọ́n máa ṣe. Iroro Orife àti àwọn míì ti ń ṣiṣẹ́ láti 2018 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì tó sọnù padà sórí Yorùbá. Iṣẹ́ wọn wúlò nítorí pé irú rẹ ti pọ̀.

Àǹfààní míì wà níbẹ̀ tí wọn kì í sọ síta. Tí o bá yọ àmì kúrò lára ohun tí ẹ̀rọ kọ, tí o sì tún yọ ọ́ kúrò lára ohun tí èèyàn kọ tí o fẹ́ fi wé e, àṣìṣe ẹ̀rọ náà á lọ sílẹ̀ lójijì. Ẹ̀rọ ò mọ nǹkan kan sí i. Ìwọ lo ti dín ibi tí ó ti lè kùnà kù.

Jẹ́ kí owó ṣìnà

Orí ọ̀rọ̀ owó ni irú ẹ̀rọ yìí ti máa ń dójú ti ẹni tó ṣe é, nítorí náà ibẹ̀ ni kí o ti ṣe àìbìkítà jù.

Igba ni ìṣirò ọjà dúró lé. Igba lọ́nà mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, lọ́nà mẹ́rin ni ẹgbẹ̀rin, lọ́nà márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún. Láàárín ẹgbẹ̀rin àti ẹgbẹ̀rún, fáwẹ́lì ìparí àti ohùn orí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Igba náírà ló sì wà láàárín wọn. Wá yọ ọgọ́rùn-ún kúrò: 700 di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, 900 di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Bí fèrè dáńfó bá dún lórí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tó kù fún ẹ̀rọ láti gbọ́ ni "gbẹ̀rún". Ìyá onígàrí ti yọ̀ǹda ọgọ́rùn-ún fún oníbàárà rẹ̀. Fóònù ti gbà á padà.

Àwọn èèyàn ò sì dúró sórí ọ̀nà kan. Ẹni kan náà á sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún láàárọ̀, á sọ "náìn ọ́ńdírẹ́ẹ̀dì" lọ́sàn-án, á pe 1,500 ní "wán-fáìf" fún ọmọ POS, á sì tún padà sí márùndínláàádọ́ta nígbà tó bá ń ka ọjọ́ orí ọkọ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀wé. Ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ń fi owó sọ ọ́ lédè onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn tí ìwọ fún un kà, ṣé o rántí, kò sí iye owó kankan.

Ohun tó máa gbà ọ́ sílẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n àṣìṣe. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ṣì kọ, èyí tó fò, àti èyí tó dá sílẹ̀ láìsí ẹni tó sọ ọ́; wọ́n á kó wọn jọ, wọ́n á fi iye ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ gan-an pín in. ÌròyìnSpeech gba 23.8 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, nǹkan bí mẹ́rìnlélógún ló ṣìnà, wọ́n sì sọ ọ́ síta tọkàntọkàn. Wo bí òṣùwọ̀n yìí ṣe láàánú: bí ẹ̀rọ rẹ bá fo "náà" níparí gbólóhùn, àṣìṣe kan nìyẹn. Bí ó bá sọ 900 di 1,000, àṣìṣe kan náà ni. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ fún ọjà yẹ kó yọ ọ̀rọ̀ owó sọ́tọ̀, kó ka àṣìṣe ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì bi ọlọ́jà léèrè iye tí ó lè fara mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ọlọ́gbọ́n kọ́ nìyí.

Yorùbá kan ṣoṣo ni

Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀tà. Ayálégbé Itele wá láti Ìbàdàn, níbi tí "ṣé" ti ń di "sé", láti Ìjẹ̀bú, láti Èkìtì. Ègùn wà níbẹ̀, Ìgbò tó kọ́ Yorùbá nínú ọjà Ṣàǹgó wà níbẹ̀, ó sì ń fi ná ọjà ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ. Ju gbogbo wọn sẹ́yìn. Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan ni kí o mú, irú èyí tí wọ́n fi ń ka ìròyìn. Àwọn olùwádìí kan gbé ohùn àti ọ̀rọ̀ Ifẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú kalẹ̀ ní 2024 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ tó ń gbìyànjú lórí ti àjùmọ̀lò ń kọsẹ̀ lórí àwọn yòókù. Àwórì kò sí nínú rẹ̀. Tìrẹ kò ní yí ìyẹn padà.

Gbólóhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bá wọ inú rẹ̀, gé e dànù. Tí o bá ṣe é dáadáa, kò ní ṣẹ́ ku ju àdúrà òwúrọ̀ àti ìkíni lọ.

Fún ẹ̀rọ ní ẹkisipó

Gba ohùn àwọn èèyàn rẹ mẹ́rin, pín gbólóhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan sí méjì, fi ìdajì kọ́ ẹ̀rọ, fi ìdajì dán an wò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń rí i dájú pé ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ kò sí nínú ìdánwò. Wọ́n ń fìyà jẹ ara wọn. Tìrẹ á wọ ìdánwò bí ọmọ tó ti rí ìbéèrè WAEC lóru ọjọ́ tó ṣáájú, á sì yege. Kọ máàkì náà sára pátákó, kọ ọ́ gàdàgbà, má kọ iye èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn ò ní oníǹkan

Ìwé àdéhùn: Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé mẹ́jọ, lẹ́tà kéékèèké, ibi ìtẹ̀ka wà nísàlẹ̀. Owó ọ̀yà: káàdì ìpè. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 sọ̀rọ̀ nípa àṣẹ tí ẹni tó fúnni lè gbà padà. Má ṣàlàyé èyí fún ìyá onígàrí, ó lè ní kí o padà lọ mú ohùn òun wá.

Àwọn Māori ní New Zealand ṣe é lódì pátápátá. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ rédíò wọn, Te Hiku Media, ní Kaitaia, pe àwọn èèyàn wọn jáde. Ẹni tó lé ní 2,500 dá wọn lóhùn, wọ́n sì kó nǹkan bíi wákàtí 300 jọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan wá fi owó lọ̀ wọ́n fún ohùn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ṣe ìwé àṣẹ tiwọn tó sọ pé àwọn tó ni èdè ni kó jẹ èrè rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò ni wọ́n o, bí irú àwọn tí ò ń dí etí sí nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ó yani lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní dìndìnrìn.

Ìfilọ́lẹ̀

Hòtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹran sísun. Kí àbúrò rẹ fúnra rẹ̀ gun orí pèpéle, kó sọ gbólóhùn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń kọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ á jáde lójú pátákó. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Mínísítà kan lè wá. Ìjọba náà ti ń kéde láti 2024 pé òun ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè wa. Má pe ìyá onígàrí.

Nígbà tí ó bá fi fóònù ọmọ rẹ̀ pè ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé ẹ̀rọ ò gbọ́ ohun tí òun ń sọ, fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mà. Kí wọ́n yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò níbẹ̀, mà. Kí wọ́n sún kúrò lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n wọ inú ilé, kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n pe iye owó náà lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn oníbàárà máa dúró dè wọ́n níta. Tí wọ́n bá bínú, kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwọn èèyàn àdúgbò náà nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kí o sì fi iye tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà máa ná àwọn olówó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí owó ọ̀hún tó jáde, máa wo iwájú. Ègùn wà ní Àdó-Odò níbí, wọ́n wà títí dé Bàdágírì àti Pọtonóvò, wọn ò sì tíì rí irú rẹ rí. Ìwé yìí kan náà ni kí o lò; ibi tí Yorùbá bá wà, fi Ègùn rọ́pò rẹ̀. Bí àwọn olówó bá bi ọ́ bóyá ìwọ fúnra rẹ gbọ́ Ègùn, sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló máa gbọ́ ọ.